Bí mo ṣe rí dókítà eegun tó tọ́ fún ìyá mi

Nígbà tí ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀ n'Ìbàdàn, tí ọrùn eegun itan wọn (ibi tó tín-ín-rín nítòsí ìbàdí) sì dá, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ṣòfò lọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ládùúgbò wa. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí pé níbi tí eegun yẹn ti dá, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí eegun itan náà, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó wọ inú ìbàdí, lè dáwọ́ dúró, ibẹ̀ á sì kú, bó ti wù kí a dì í tó.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pé mi ò bèèrè dókítà tó lókìkí jù mọ́. Ẹni tó máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú eegun tó dá báyìí gan-an ni mò ń wá. Mo wádìí ní ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìgbóbì l'Ékòó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àti ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ìbàdàn. Mo rí i dájú pé MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, forúkọ dókítà náà sílẹ̀, mo sì wò ó bóyá FWACS tàbí FMCS, oyè àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ, wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé oyè wọ̀nyí kì í ṣe ti oníṣẹ́ abẹ eegun nìkan, mo bèèrè ìyẹn lọ́tọ̀.

Mo tún bi í pé aláìsàn mélòó ló ti ṣe é fún lọ́dún tó kọjá, àti ta ni yóò kọ́ màmá ní ìrìn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó fi sùúrù dáhùn, ó sì ṣàlàyé ìdí tí pípààrọ̀ orí eegun náà fi sàn ju fífi irin kàn án pọ̀ lọ. Màmá ti ń fi ọ̀pá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí.