Pìlá Ni, Kì í Ṣe Pílà: Bí Mo Ṣe Rí Ìyá Wa Nínú Ìwé Ìsàmì Bàhíà

Ìyá Pílà ni gbogbo ilé wa ń pe ìyá tó bí bàbá bàbá mi. Mi ò bá a láyé. 1949 ló kú. Ohun tí wọ́n sọ fún àwa ọmọdé ni pé tìtorí òpó méjì tó wà níwájú ilé rẹ̀ ní Pópó Àgùdà ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀, pé pílà ni àwọn bíríkìlà ń pe irú òpó yẹn. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Àwọn tó ti Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil dé ló kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí apá ibẹ̀ yẹn ní Erékùṣù Èkó, ta ló tún fẹ́ bèèrè ohun mìíràn?

Ọdún tó kọjá ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òpó kọ́. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí ọmọ Àgùdà, àtọmọdọ́mọ àwọn tó padà dé láti Brazil àti Cuba, pọ̀ ní Èkó, ní Àgbádárìgì, ní Àjàṣẹ́ àti ní Wídà tí orúkọ àwọn ìyá wọn wà nínú ìwé ìsàmì tí wọ́n ti yà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò tíì ṣí i wò rí.

Ilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni àgbà ilé wa báyìí, ẹni ọdún 84. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà tí Ìyá kú, wọ́n sì rántí rẹ̀ dáadáa. Mo gbé fóònù sílẹ̀ láàárín wa kó máa gba ohùn sílẹ̀, mo sì ní kí wọ́n máa sọ ohun tó bá wá sí wọn lọ́kàn. Wọ́n ní Ìyá kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí ìyá tirẹ̀ mú un wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Wọ́n ní àkàrà ni ìyá yẹn ń tà ní Bàhíà, pé owó àkàrà ló fi ra ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Wọ́n sọ nípa ilé tó kọjú sí tiwa, tí a kì í fẹ́ ọmọ wọn, tí àwọn náà kì í fẹ́ tiwa. “Ẹbí ni wá,” bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bí ẹbí náà ṣe jẹ́. Orúkọ Àgùdà wọn yàtọ̀ sí tiwa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì Rere, abọ́ fùrẹ́jọ̀n wa, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí àwa tó fi ṣíbí kan tiwa, tiwọn náà á sì dé. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ bí ẹni ń kọ ìtàn, mi ò mọ̀ pé òun gan-an ni mo máa padà wá bá.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo kọ lẹ́tà sí Fadá, mo mú ìwé ìbí mi àti ti bàbá mi dání, wọ́n sì jẹ́ kí n wo ìwé ìgbéyàwó àtijọ́ lójú akọ̀wé. 1889 ni Ìyá ṣe ìgbéyàwó. Ìlà kan péré ni, ṣùgbọ́n ó sọ orúkọ ìsàmì rẹ̀, ó sọ pé Bàhíà ni wọ́n ti bí i, ó sì sọ orúkọ ìyá rẹ̀. Kò sí orúkọ bàbá. Ẹ má wulẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ ò bá tíì ní mẹ́ta yìí lọ́wọ́: orúkọ ìsàmì, orúkọ ìyá, àti ọdún tí ẹ rò pé wọ́n bí i. Orúkọ ìdílé kò ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n ń sàmì fún, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ fún un. Ìgbà tó bá dàgbà ni yóò tó mú orúkọ ìdílé, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó ni ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ ti bàbá ìsàmì, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ti ẹni mímọ́ kan.

Ìdí tí mo fi wá ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni pé kò sí òmíràn. 1889 ni ìjọba Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ṣáájú ìgbà náà, Ìjọ Àgùdà ló ń ṣe é. Láti 1563, ní ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Trent, ni wọ́n ti pa á láṣẹ pé kí fadá kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìsàmì àti ìwé ìgbéyàwó. Ní 1707, àwọn òfin tí àwọn olórí Ìjọ ní Bàhíà fọwọ́ sí tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹrú ni o, ẹni òmìnira ni o, bí wọ́n bá ti da omi sí i lórí, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀wé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bèèrè fún omi yẹn. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn nìkan ló dárúkọ wọn.

Orí FamilySearch, ìkànnì ìwé ìdílé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti rí àwọn ìwé Bàhíà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀. Ìjọ Mormon ló ni ín, láti 1938 ni wọ́n sì ti ń ya ìwé ìdílé káàkiri ayé sórí fíìmù, kí wọ́n tó wá gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ Cuba ni ẹbí yín gbà, ẹ wo Slave Societies Digital Archive tí Yunifásítì Vanderbilt ń tọ́jú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jane Landers ló dá a sílẹ̀ ní 2003, ìwé ìsàmì àwọn ẹrú àti àwọn tó gba òmìnira ló kún ibẹ̀. Ní Cuba, “lucumí” ni wọ́n ń kọ fún àwa Yorùbá. Ní Bàhíà, “nagô” ni.

Mo ṣí Brazil, mo ṣí Bàhíà, mo ṣí ìlú Salvador. Orúkọ àwọn ìjọ tò wálẹ̀: Sé, Santana, São Pedro, Conceição da Praia, Santo Antônio Além do Carmo. Ó sì kan èyí: Nossa Senhora do Pilar.

Mo dúró. Mo padà sí ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà lórí fóònù, mo tún un gbọ́. Wọn ò sọ Pílà! Ohùn wọn lọ sílẹ̀ kó tó gòkè: Pìlá. Ìyá Pìlá ni wọ́n ń wí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwa tí a lọ ilé ìwé gẹ̀ẹ́sì la yí ohùn náà padà sí ti òpó, tí a sì wá ìtàn tó bá a mu. Pilar ni ìjọ tó wà ní ìsàlẹ̀ ìlú Salvador, lẹ́bàá èbúté, níbi tí ẹrù ti ń bọ́ sílẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin Nagô ti ń gbé oúnjẹ lórí kiri. Èdè Pọ́túgí sì máa ń gbé ohùn lé ìparí ọ̀rọ̀ yẹn, gẹ́gẹ́ bí àgbà ilé wa ṣe pè é gan-an. Tí ẹ bá ń gba ìtàn lẹ́nu àgbà, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ má kàn gbọ́ ọ̀rọ̀ nìkan.

Iṣẹ́ tó kù ni iṣẹ́ ojú. Àwọn ìwé tí mo nílò kò ní àwárí. Ẹ kò lè tẹ orúkọ kí ó jáde. Àwòrán ni, ojú ewé kan lẹ́yìn èkejì, ẹ̀ẹ́ máa ṣí i bí ẹni ń ṣí ìwé gidi. Méjì nínú àwọn ìwé náà kò ṣí lórí fóònù mi, àmì kọ́kọ́rọ́ ló wà lára wọn. Ní ibùdó FamilySearch ni mo ti lọ kà wọ́n. Oṣù méjì ni mo fi ṣe é, lálaalẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́.

Mi ò gbọ́ Pọ́túgí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni fadá ń kọ lójoojúmọ́. Ó máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Aos”, ọjọ́ á tẹ̀ lé e, oṣù, ọdún, gbogbo rẹ̀ ní ọ̀rọ̀, kì í ṣe ní nọ́ńbà. Á sọ pé òun sàmì fún ọmọ, òun sì fi òróró mímọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni orúkọ á jáde. Wọ́n máa ń gé orúkọ kúrú: Ma ni Maria, Mel ni Manoel, Franco ni Francisco, Anto ni Antônio. Ibi tí mo ti pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oṣù. Mo rí “8bro”, mo kà á sí oṣù kẹjọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. “Octo” ni mẹ́jọ ní èdè Látìn, ibẹ̀ ni orúkọ Outubro ti wá, nítorí náà 8bro ni Outubro, oṣù kẹwàá wa. 7bro ni oṣù kẹsàn-án, 9bro ni oṣù kọkànlá, Xbro ni oṣù kejìlá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ojú ewé, tí ẹ bá rí “v”, ẹ̀yìn ewé ni wọ́n ń wí. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé àti ti ojú ewé sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò lórí ohunkóhun tí ẹ bá rí.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ máa pàdé lórí àwọn ènìyàn wa: “crioula”, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Brazil, “africana liberta”, ẹni tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa tó ti gba òmìnira, “filha natural”, ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má jẹ́ kí ó tì yín lójú. Ẹ ó rí nagô, ẹ ó rí jeje (àwọn Fọn àti Éwé, ará apá Dàhòmì), tapa, haussá. Tápà àti Haúsá tí a mọ̀ nílé náà ni. Nígbà mìíràn ẹni tó ni ìyá á sọ ọmọ di òmìnira lójú agbada omi ìsàmì, fadá á sì kọ ọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá bí ọmọ lẹ́yìn 28 oṣù kẹsàn-án 1871, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ẹrú, ẹ wá ìwé ọ̀tọ̀: òfin ọjọ́ náà sọ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹrú mọ́, ó sì pàṣẹ fún àwọn fadá láti ní ìwé pàtàkì fún wọn.

Ohun tó dùn mí jù lọ ni pé orúkọ tí ìyá àti bàbá sọ wọ́n nílé kò sí níbẹ̀. Kò sí Àbẹ̀kẹ́, kò sí Òjó. Kò sí Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀ṣà. Nagô, ó parí. Mo ń kà á ní alaalẹ́, Maria tẹ̀lé Maria, mo ń béèrè pé kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé?

Ìyá ìsàmì náà dà mí rú fún ìgbà díẹ̀. Mo rí obìnrin kan tó jẹ́ ìyá ìsàmì fún ọmọ tó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa rẹ̀: Nossa Senhora. Màríà Wúndíá ni! Àṣà wọn ni pé ẹbí lè yan Màríà Wúndíá ní ìyá ìsàmì, kí ẹnì kan gbé adé ère rẹ̀ kí ó fi kan ọmọ náà.

Mo rí i ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. 8bro, 1867. Orúkọ ìsàmì Ìyá, ọmọ oṣù mẹ́rin, filha natural; orúkọ ìyá rẹ̀, africana liberta, nagô. Màríà Wúndíá ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Orúkọ bàbá ìsàmì pé pérépéré pẹ̀lú orúkọ ìdílé, òun náà africano liberto, nagô. Orúkọ ìdílé yẹn ni èyí tó wà lára ògiri ilé tó kọjú sí tiwa.

Mi ò sáré pariwo. Orúkọ Àgùdà kan lè jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò bá ara wọn tan. Mo padà sẹ́yìn nínú ìwé náà, mo sì lọ síwájú. Ní 1864, ìyá kan náà bí ọmọkùnrin kan, ọkùnrin kan náà ló dúró fún un. Ní 1870, ó tún bí ọmọbìnrin, ọkùnrin náà tún ni. Ní 1869, ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ mú ọmọ tirẹ̀ wá sí ìjọ Pilar, ìyá wa, alákàrà, ló sì gbé ọmọ náà lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Wọ́n fi ọmọ wọn ṣe ẹbí fún ara wọn.

Mo mú ìwé tí mo tẹ̀ jáde lọ sí òdìkejì títì. Ìyá àgbà ilé yẹn lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mo kúnlẹ̀, mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí ọmọ ọmọ wọn gbé àpótí kan wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ìrìnnà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n dì í sínú aṣọ: orúkọ ọkùnrin náà, nagô, Bàhíà sí Èkó, 1875, òun àti ọmọ kan. Ìyá Pìlá pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ní 1875. Wọ́n bi mí pé, “Ọmọ tí ìyá yín gbé lọ́wọ́ yẹn, kí lorúkọ rẹ̀?” Mo sọ ọ́. Ìyá tó bí ìyá wọn ni.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé wa pé Ìyá ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò obìnrin. Mo wá wọn nínú ìwé òkú ìjọ Pilar. Àbúrò náà kú ní 1872, ilẹ̀ gbígbóná ló pa á. Ẹ̀gbọ́n náà kò sí nínú ìwé náà. Ní gbogbo oṣù kọkànlá, ní ọjọ́ ìrántí àwọn òkú, a máa ń kọ orúkọ àwọn tiwa sínú àpò lẹ́tà fún Máàsì, ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ti ilé wa sì máa ń jẹ́ “àwọn tó kù sí Bàhíà”. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n fa igi lé ìlà yẹn. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ọmọ méjèèjì síbẹ̀, ti ọkùnrin ṣáájú, nítorí òun ni àgbà.