Ìlò “explain” nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì
Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, explain ni ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí kí a ṣàlàyé ohun kan títí yóò fi yé ẹni tí ń gbọ́. Ohun tí a ń ṣàlàyé ni ó máa ń tẹ̀ lé e tààrà. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ “explain me the rule”, “explain the rule to me” ni ó tọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kì í ti í sọ pé “ṣàlàyé mi” dípò “ṣàlàyé fún mi”. Inú èdè Látìn ni ó ti wá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí kí a tẹ́ nǹkan pẹrẹsẹ, àfiwé tí mo fẹ́ràn gan-an. Nínú ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, explanation, lẹ́tà “i” tí ó wà láàárín “a” àti “n” máa ń yọ kúrò.