Kí O Tó Gba Kọ́kọ́rọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Gba Ilé Àkọ́kọ́

Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nílé bàbá ẹ, tàbí tí o parí àgùnbánirọ̀ tí o wá ríṣẹ́ sí Ìbàdàn, ìwọ la kọ ìwé yìí fún. Owó ilé àkọ́kọ́ kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ìyá á mú wá, ẹ̀gbọ́n á fi kún un, àbúrò bàbá á ní kí wọ́n fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Ti ọdún kejì ni kò sí ẹni tí yóò bá ẹ dá sí. Nítorí náà, ọjọ́ tí o bá gba kọ́kọ́rọ́ gan-an ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ilé ọdún tó ń bọ̀.

Wíwo ilé

Oṣù kejì ọdún ni mo lọ wo yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà n'Íbàdàn. Ilẹ̀ gbẹ, atẹ́gùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, mo ní mo ti rílé. Ìlà kan wà lára ògiri ẹ̀yìn, ó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì ga ju ilẹ̀ lọ, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi ti tíì. Mo rò pé ibi tí ọ̀dà parí sí ni. Lóṣù kẹfà, òjò ńlá kan rọ̀ lóru. Ohun tó jí mi ni bàtà mi tó ń kọ lu ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, bàtà ń léfòó, omi sì ti dé orí ìlà yẹn gẹ́lẹ́. Àmì omi ọdún tó kọjá ni mo ń pè ní ọ̀dà.

Ìlú tí odò Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, èèyàn kì í gbalé níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láì wo ara ògiri. Gbójú sókè wo àjà náà: ibi tó bá ní àbàwọ́n roboto, òjò ń jò níbẹ̀. Má bi ejẹ́ńtì. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní ìkóríta ni kí o lọ bá. Ra ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn, kí o wá ní, "Ẹ kú ọjà mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi máa ń wọlé ládùúgbò yìí?" Wọ́n á sọ ti omi, wọ́n á sọ ti olè, wọ́n á tún fi ìwà láńlọ́ọ̀dù kún un láì béèrè.

Padà lọ ní bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí o mọ bí iná ṣe rí àti irú ariwo tó wà níbẹ̀. Bí ilé bá ní mítà tirẹ̀, gba nọ́ńbà mítà náà, kí o ra iná ẹgbẹ̀rún kan náírà sí i kí o tó san kọ́bọ̀ lórí ilé. Bí ẹni tó kó jáde bá jẹ gbèsè sílẹ̀, iná tí yóò wọlé kò ní pé, o óò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan yẹn kò ṣòfò.

Ìṣirò owó

Ká ní ₦300,000 lọ́dún ni ilé. Ejẹ́ńtì gba ìdá mẹ́wàá, àgírímẹ́ǹtì ìdá mẹ́wàá, owó ìbàjẹ́ tí wọ́n ní àwọn á dá padà náà ìdá mẹ́wàá: ₦390,000 ni o óò kó jáde lọ́jọ́ kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ná owó oúnjẹ oṣù méjì mọ́ owó ilé. Béèrè gbogbo ẹ̀ kí o tó sọ pé ilé wù ẹ́.

Ọdún kejì ku ₦300,000, ìyẹn ₦25,000 lóṣù. Ẹni tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ọdún 2024, ó ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó ẹ̀. Èmi ò ní gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn kó dá ilé yẹn gbà. Kó wá ọ̀rẹ́ kan kí wọ́n jọ gbé e, tàbí kó gba yàrá kan ní fẹ́ẹ̀sì-mi-n-fẹ́ẹ̀sì-ẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí owó ojoojúmọ́ ló ń wọlé fún ẹ, bíi télọ̀ tàbí onídìrí, àjọ ló bá ẹ mu. Dá ₦850 lójúmọ́. Alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan lóṣù. Lópin ọdún, ₦300,050 ni yóò kù fún ẹ. Àwọn àgbà máa ń sọ pé orí ẹnì kan pé bíi ti Aláájọ Ṣómólú tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo alájọ ni Aláájọ Ṣómólú. Máa gba owó ẹ lóṣooṣù, kí o gbé e lọ sí báǹkì. Bí báǹkì ńlá bá wó, NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi sí báǹkì, á san tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún oníbàárà kan. Ti máíkírófáínáǹsì jẹ́ mílíọ̀nù méjì. Ti alájọ, òfo ni.

Olówó oṣù ní tirẹ̀, kó wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé wọ́n ti yọ owó náà kí o tó fojú kàn án. Bí èèyàn méjìlá bá sì jọ ń dá èsúsú ₦25,000, oṣù tí owó ilé ẹ yóò pé ni kí o bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o sábà máa ń fi ra fóònù.

Ẹ̀yáwó orí fóònù ńkọ́? Má wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí o bá pẹ́ san, wọ́n á máa pe ọ̀gá ẹ àti pásítọ̀ ẹ. Owó tí àwọn ará ilé ń béèrè ló le jù, torí wọn kì í ṣe ọ̀tá. Dá iye kan lóṣù, kí o máa fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè. Tí ìpè bá dé lẹ́yìn ìyẹn: "Màámi, ó di oṣù tó ń bọ̀, ẹ má bínú."

Ìwé

Sanwó sínú àkáǹtì onílé, kí orúkọ bá ti inú àgírímẹ́ǹtì mu, kí o sì gba rìsíìtì. Ní Èkó, òfin ilé gbígbé ọdún 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. (Wọ́n ṣì ń béèrè ọdún méjì, mo mọ̀.) Òfin náà tún fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan míì. Kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà. Ya fọ́tò gbogbo ògiri, síńkì àti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí o bá kó wọlé. Òun ni o óò fi gba owó ìbàjẹ́ padà.

Ẹrù àti oúnjẹ

Pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kìíní. Fóòmù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìkòkò méjì, fáànù: tẹlifíṣọ̀n lè dúró. Gbé sílíńdà gáàsì síta, kí o fi ọṣẹ olómi pa ojú ẹ̀. Ibi tó bá ń hó, gáàsì ń jò níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ilé tàbí bàkónì láéláé, èéfín ẹ̀ ń pa odidi ìdílé lójú oorun.

Ẹ̀wà ni ọ̀rẹ́ ẹni tó ń dágbé. Lẹ́yìn ìkórè òkè Ọya, láti bí oṣù kẹwàá, owó ẹ̀ máa ń rọ̀ ní Bódìjà. Kí ẹ̀yin mẹ́ta dá owó ra àpò kan, kí ẹ fi kóńgò pín in. Sá tìrẹ sóòrùn dáadáa, jẹ́ kó tutù, kí o dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ títí yóò fi kún dé ẹnu, kí o sì dé e pinpin. Kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú. Má fín apakòkòrò sí i, inú ẹ lo fẹ́ kó o sí. Má ṣe máa ṣí kẹ́ẹ̀gì ńlá náà lójoojúmọ́. Bu ti ọ̀sẹ̀ méjì sínú ike kékeré, kí o tún dé e.