Bí ilé ìmúbọ̀sípò ṣe lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìlú ní Amẹ́ríkà

Bí ìjọba ìlú bá ní àwọn tó ti jáwọ́ nínú oògùn olóró kò gbọdọ̀ jọ gbé ilé kan ládùúgbò, ẹ má tíì kó ẹrù yín. Òfin ilé gbígbé tí wọ́n tún ṣe ní 1988 kà wọ́n mọ́ aláàbọ̀ ara, àyàfi ẹni tó ṣì ń lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìlú láti béèrè ìyọ̀ǹda, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀: bí ènìyàn 5 tí kì í ṣe ẹbí ni wọ́n gbà, ẹ ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi nílò 8, bóyá nítorí pé ẹni tó ní alájọgbé nínú yàrá kì í sábà ráyè mutí ní kọ̀rọ̀. Ní 1995, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ nínú ẹjọ́ ìlú Edmonds pé irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ òfin náà. Bí wọ́n bá kọ̀, ọdún 1 lẹ ní láti fẹjọ́ sùn ní HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé gbígbé.