Bí A Ṣe Ń Gbin Ewédú Láti Bọ́ Okùn Lára Rẹ̀

Ewédú tí a ń fi ìjábẹ̀ já sínú ọbẹ̀ wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ Bangladesh àti Íńdíà ń gbìn lọ́pọ̀ yanturu nítorí èèpo igi rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń hun àpò ìdọ̀họ tí a ń kó kòkó gbígbẹ sí. Àwa náà lè bọ́ okùn lára rẹ̀, bí a bá gbà pé ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ewédú ọbẹ̀.

Èèpo irúgbìn rẹ̀ le, nítorí náà kí a dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí a rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, kí a sì tètè gbé e sínú omi tútù. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ níbòòji, kí a pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí a tó fọ́n ọn, torí hóró rẹ̀ kéré púpọ̀.

Ewédú ọbẹ̀ ni a ń já lórí kí ó lè pẹ̀ka. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti okùn, a ti bà á jẹ́, nítorí pé fọ́nrán, ìyẹn okùn tín-ín-rín inú èèpo rẹ̀, kì í gùn ní oríta ẹ̀ka. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún mọ́ra wọn, kí wọ́n máa bá ara wọn du oòrùn, wọn yóò ga, wọn yóò sì gún régé.

Ní bí oṣù 4, nígbà tí èso kéékèèké bá yọ, kí a gé e nídìí, kí a dì í, kí a sì fi í sóko fún ọjọ́ 3 kí ewé rẹ̀ lè gbọn.

Inú omi ni iṣẹ́ gan-an wà. Kí a tẹ́ ìdì náà sínú omi tí kò sáré, kí a fi igi gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ rì. Kí a má ṣe lo irin tàbí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, nítorí wọn a máa sọ fọ́nrán di dúdú. Omi náà yóò rùn, nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe rẹ ẹ́ sínú odò tí ènìyàn ń mu. Láti ọjọ́ kẹwàá ni kí a ti máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́: bí èèpo bá ti ń bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí a kó o jáde lọ́jọ́ náà, torí pé èyí tó bá pẹ́ jù yóò rà, kò sì ní lágbára mọ́.

Kí a bó o, kí a fi omi mímọ́ ṣàn án, kí a sá a sórí okùn fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí a tó lọ́ ọ. Igi funfun tó bá ṣẹ́kù dára fún ìdáná.