Ṣúgà Dé Lójijì, Ara Sì Ń Rù: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Ìtọ̀ Ṣúgà àti Jẹjẹrẹ Páńkíríàsì

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ti lé lọ́mọ ọdún 50, kò ní ìtọ̀ ṣúgà rí, ara ẹ̀ le. Lọ́jọ́ kan wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n ní ṣúgà ti lọ sókè. Ó sì jẹ́ pé láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn laṣọ ti ń fẹ̀ lára ẹ̀, bẹ́líìtì ti ń wọ ihò tí ò wọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ẹni náà ò dín oúnjẹ kù, kò bẹ̀rẹ̀ eré ìmárale kankan. Inú àwọn ará ilé á wá máa dùn, wọ́n á ní "ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń fọn yìí, ṣúgà náà máa lọlẹ̀ fúnra ẹ̀ ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ níbí, èyí ló ń dùn mí jù, torí oṣù tí wọ́n fi ń yọ̀ yẹn gan-an ni oṣù tó yẹ kí wọ́n ti fi wá ìdí ọ̀rọ̀.

Ṣúgà tó máa ń mú àgbàlagbà, èyí tí wọ́n ń pè ní type 2, ara sísan ló sábà máa ń bá rìn, èèyàn á ti máa sanra bọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó tó yọjú. Àmọ́ tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ inú páńkíríàsì, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tó wà sẹ́yìn àpò oúnjẹ, ló ń ti ṣúgà náà sókè, òdìkejì ẹ̀ la máa ń rí, ṣúgà ń gòkè, ara ń rù, oúnjẹ ò wá wu èèyàn jẹ mọ́. Mo mọ̀ pé ṣúgà tó bá ga gan-an lásán náà lè mú kí èèyàn rù, torí ara á máa tọ̀ ọ́ dànù, òǹgbẹ á sì máa gbẹ èèyàn ṣáá, torí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tó rù ló ní jẹjẹrẹ o, dókítà ló máa yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ yà á sọ́tọ̀ tẹ́nì kankan ò bá sọ fún un pé ara ń rù? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwé àyẹ̀wò ṣúgà nìkan ni wọ́n máa ń gbé síwájú dókítà, wọ́n á gba oògùn, wọ́n á lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí àìsàn méjèèjì ti pàdé. Páńkíríàsì ò tóbi rárá, ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, ó sùn sẹ́yìn àpò oúnjẹ, níwájú ọ̀pá ẹ̀yìn, kọ́lọ́fín ibi tọ́wọ́ ò lè tẹ̀ kó mọ̀ pé kókó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń tú omi tó ń lọ oúnjẹ sínú ìfun, ó sì ń ṣe ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì yẹn ló ń jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú ara. Ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ìyẹn àwọn ọ̀nà tóóró tí omi náà ń gbà kọjá, ni èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ páńkíríàsì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í dúró síbẹ̀, ó máa ń da iṣẹ́ ínsúlínì rú nígbà míì kó tó ní àmì kankan tó ṣeé rí. Ẹ wá rí i pé ọ̀nà méjì ló so wọ́n pọ̀: ẹni tí ṣúgà ti ń bá fínra tipẹ́, ewu tiẹ̀ fi bí ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì ju ti ẹni tí ò ní lọ, àmọ́ nígbà míì, jẹjẹrẹ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ṣúgà ló wá jẹ́ àmì ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ti àkọ́kọ́, ìkejì ni wọn ò mọ̀, ìkejì yẹn sì ni mò ń pariwo lé lórí.

Ẹ má wá torí ohun tí mo sọ yìí lọ máa sunkún mọ́jú. Àṣìṣe lèyí náà jẹ́, káwọn tó ní ṣúgà máa rò pé jẹjẹrẹ ló kàn. Àwọn tó ní ṣúgà láyé lé ní 500 mílíọ̀nù, nǹkan bí 510,000 èèyàn péré ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ páńkíríàsì lára wọn lágbàáyé lọ́dún 2022. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ Minnesota l'Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2005, tọ ipasẹ̀ àwọn 2,122 tí ṣúgà wọn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọmọ ọdún 50, 18 nínú wọn ni wọ́n rí jẹjẹrẹ náà lára wọn láàárín ọdún 3, ìyẹn ò tiẹ̀ pé ẹnì kan nínú 100. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ ó fi bí ìlọ́po 8 ju ohun tó yẹ kí wọ́n rí láàárín àwọn èèyàn tí ọjọ́ orí wọn jọra. Torí náà, ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó sì ń sanra ò ní ìdí láti máa gbọ̀n, ẹni tí tiẹ̀ dé tó ń rù lọ́rọ̀ ọ̀hún kàn.

Ó tún kan ẹni tó ti ní ṣúgà tipẹ́ tó sì ń kápá ẹ̀ dáadáa, tó wá di pé láàárín oṣù díẹ̀ gbogbo ẹ̀ dàrú. Oògùn tó ń lò fún ọdún 10 ò ràn án mọ́, HbA1c, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, fò sókè, wọ́n fi oògùn kún oògùn, wọ́n gbé e lọ sórí ínsúlínì. Kí làwọn ará ilé máa ń ṣe? Wọ́n á ní ó ń jẹ nǹkan dídùn ní kọ̀rọ̀. Wọ́n á máa ṣọ́ ọ bí ọmọdé, wọ́n á máa tú yàrá ẹ̀, ẹni náà á máa búra pé òun ò jẹ nǹkan kan, wọn ò ní gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára gan-an, torí ó lè jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ. Kẹ́ ẹ tó máa bá a jà, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, kẹ́ ẹ wo ohun tó wọ̀n lọ́dún tó kọjá, ẹ bi í léèrè bóyá ikùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn ún, kẹ́ ẹ wá bi dókítà pé kí ló yí padà. Àwọn oògùn kan wà tó máa ń gbé ṣúgà sókè, sítẹ́rọ́ọ̀dù jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kòkòrò àrùn náà lè fà á, àmọ́ a gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́, kì í ṣe ká kàn máa fi oògùn kún oògùn.

Ọ̀rọ̀ ìrora náà tún wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń fi oṣù mẹ́fà lo oògùn ọ́lísà, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n á tún lo òmíràn. Ìrora jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń wà lápá òkè ikùn, á jinlẹ̀, á gba inú lọ sẹ́yìn, èèyàn á dùbúlẹ̀ á le sí i, á tẹ̀ síwájú á rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀. Ẹ wo ìgbẹ́ náà, mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ àmọ́ ẹ wò ó: tó bá funfun ràndànràndàn, tàbí tó ń yọ epo, tó ń léfòó tí ò fẹ́ wọlẹ̀, ẹ sọ fún dókítà. Tí ojú bá pọ́n wá ńkọ́, tí funfun ẹyinjú di yẹ́lò, tí ìtọ̀ dúdú, tí ara ń yún èèyàn tọ̀sán tòru? Ẹ má sọ pé ibà ni, kẹ́ ẹ wá máa gba abẹ́rẹ́ ibà kiri. Ó lè jẹ́ pé kókó ti dí ojú ọ̀nà tí omi òróòro ń gbà, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ láìsí ìrora kankan, àìsí ìrora yẹn ló sì ń tan àwọn èèyàn jẹ. Nínú ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 60 tó ń rù, tí ṣúgà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀, kí dókítà ronú láti ní kó ya àwòrán CT, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ńlá yà, láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ọ̀sẹ̀ 2 ni wọ́n sọ o, ẹ wo iye oṣù tá à ń fi ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò wá délẹ̀. Àwọn kan á lọ ya àwòrán ikùn tó wọ́pọ̀ yẹn, ìyẹn sikáànì tí wọ́n ń fi gẹ́ẹ̀lì pa ikùn fún, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, ọkàn wọn á balẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ìfun máa ń bo páńkíríàsì mọ́lẹ̀ nínú irú àwòrán yẹn, torí náà "a ò rí nǹkan kan" lè túmọ̀ sí "a ò ráyè wò ó dáadáa." CT tí wọ́n fi oògùn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí àwòrán lè hàn, tí wọ́n sì dìídì yà nítorí páńkíríàsì, ló dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn míì ẹ̀wẹ̀ á gbọ́ orúkọ CA 19-9 níbì kan, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ kan tó ń wá àmì jẹjẹrẹ yìí, wọ́n á lọ ṣe é fúnra wọn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn 5 sí 10 nínú 100 lara wọn kì í ṣe nǹkan tí tẹ́ẹ̀sì yẹn ń wá rárá, ìyẹn ni pé jẹjẹrẹ lè wà kó má sọ nǹkan kan, ó sì tún máa ń ga lára ẹni tí omi òróòro ẹ̀ kàn dí lásán. Ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dámọ̀ràn lórí àyẹ̀wò sọ lọ́dún 2019 pé kí wọ́n má ṣàyẹ̀wò jẹjẹrẹ yìí fún ẹni tí kò ní àmì kankan, àmọ́ tó bá ti mú bàbá tàbí ìyá tàbí ọmọ ìyá yín rí, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó bi yín.

Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ tó ń dín ara kù, irú semaglutide, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ wọ̀n sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lóṣooṣù, torí gbogbo ara tó bá ń rù lẹ ó máa gbé kà á lórí. Tí rírù náà ò bá dúró lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dá abẹ́rẹ́ náà dúró, ẹ lọ sọ. Sìgá náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ewu jẹjẹrẹ yìí di ìlọ́po méjì.

Èyí tó tún ń bà mí lẹ́rù ni àwọn tó ń ju oògùn ṣúgà nù torí ẹnì kan sọ pé ínsúlínì àti àwọn abẹ́rẹ́ tuntun yẹn, irú semaglutide, ló ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ gbọ́ bọ́rọ̀ ṣe rí: ẹni tí kókó ti wà nínú ẹ̀ láìmọ̀, ṣúgà ẹ̀ á le, wọ́n á torí ẹ̀ fún un ní ínsúlínì, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n á rí jẹjẹrẹ, wọ́n á wá di ẹ̀bi ru ínsúlínì. Lọ́dún 2014, àjọ tó ń mójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Yúróòpù jọ sọ̀rọ̀ lórí oríṣi oògùn tí semaglutide wà nínú ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò fi hàn pé ó ń fa jẹjẹrẹ páńkíríàsì. Ṣúgà tẹ́nì kan fi sílẹ̀ láìtọ́jú lè pa á kó tó ráyè bẹ̀rù jẹjẹrẹ.

Wọ́n ti wá rí jẹjẹrẹ náà báyìí, ó ku iṣẹ́ abẹ. Àwọn míì á kọ̀, wọ́n á ní ṣúgà ò ní jẹ́ kí egbò jinná, wọ́n á ní kí ni wọ́n tún fẹ́ gé. Bí èèyàn 15 sí 20 nínú 100 péré ni wọ́n máa ń rí jẹjẹrẹ náà lára wọn nígbà tí iṣẹ́ abẹ ṣì ṣeé ṣe, torí náà ẹni tí dókítà bá sọ fún pé ó ṣì ṣeé gé, àǹfààní tí ọ̀pọ̀ ò rí ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣúgà yẹn náà ńkọ́? Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008, wọ́n wo àwọn tí wọ́n gé páńkíríàsì wọn torí jẹjẹrẹ. Àwọn tí ṣúgà wọn ti pẹ́ lára, kò yí padà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ṣúgà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó lé ní ìdajì wọn tí ṣúgà náà bá kókó yẹn lọ.