Bí Mo Ṣe Sọ Ilé Ọkọ̀ Mi Di Àgbẹ̀dẹ ní Ìpẹ́rù

Lẹ́yìn tí mo ta ọkọ̀ mi, ilé ọkọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ìpẹ́rù-Rẹ́mọ ṣófo, ìyàwó mi sì ti ń wò ó bí ibi tí yóò máa kó àpò gàrí sí. Mo tètè sọ fún un pé àgbẹ̀dẹ kékeré ni mo fẹ́ dá sílẹ̀ níbẹ̀, kí n lè máa rọ irin fúnra mi. Ilé ọkọ̀ ni mo ń pè é, nítorí pé bí mo bá ní gáréèjì ni mo ti ń rọ irin, ará Rẹ́mọ tí ó bá gbọ́ yóò rò pé àárín àwọn onímọ́tò ni mo gbé òòlù lọ. Tíṣà físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ooru kò ní í pẹ́ mọ bí a ti ń dá iná àgbẹ̀dẹ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni iná náà fi kọ́ èmi náà lẹ́kọ̀ọ́.

Mo kọ́kọ́ kó ohun tí ó lè gbiná kúrò. Jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù méjì lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo yọ pákó síílìn tí ó wà lókè ibi tí ààrò yóò wà, mo sì ní kí bíríkìlà lu fèrèsé kan sí ògiri tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Èédú tí ó ń jó kì í rú èéfín púpọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà, nítorí carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí ó ń tú jáde, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ra pẹ̀lú rẹ̀ lè sùn lọ kí ó má jí mọ́. Bí iná bá ti wà nínú àgbẹ̀dẹ mi, ṣíṣí ni ilẹ̀kùn ńlá náà máa ń wà, ìbáà jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Mo tẹ́ yangí sórí ilẹ̀ oníkọnkéré, nítorí bí irin gbígbóná bá jábọ́ sórí kọnkéré, omi tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀ lè hó lójijì, kí ó sì fọ́ ta síni lójú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn méjì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan wà nítòsí.

Inú ríìmù taya ni mo pinnu láti dá iná sí. Lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta irin àlòkù ní Ṣágámù, ọmọkùnrin kan fẹ́ ta ríìmù tí ó ń dán gbinrin fún mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e, ó fúyẹ́ jù. Alumíníọ́ọ̀mù ni. Ìwọ̀n ooru 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni alumíníọ́ọ̀mù ti ń yọ́, irin tí mo sì fẹ́ rọ gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 1,000, nítorí náà ààrò ni ìbá kọ́kọ́ yọ́ dànù kí irin tó rọ̀. Mo ra ríìmù irin gidi, mo gbé e lọ bá wẹ́dà kan, ó sì jó ẹsẹ̀ mẹ́ta mọ́ ọn tí ó fi ga dé ìbàdí mi.

Páìpù oní-íńṣì méjì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ abẹ́ ríìmù náà. Mo ṣe é bíi lẹ́tà T, kí eérú tí ó bá jábọ́ lè gba ìsàlẹ̀ jáde nígbà tí mo bá ṣí ìdérí rẹ̀, mo sì fi irin pẹlẹbẹ tí mo lu ihò mẹ́jọ sí bo ẹnu rẹ̀ lókè. Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ó burú jù. Páìpù omi tí púlọ́ńbà kan ṣẹ́kù sílé wa ni mo lò, irú èyí tí wọ́n fi síǹkì bò kí ó má baà dípẹtà. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo kọ́kọ́ dán iná wò, èéfín funfun ń jáde, ohun kan tí ó dà bí òwú wẹ́wẹ́ sì ń fò kiri lókè iná; mo dúró tì í, mo ń wò ó bí ẹni wo ìran. Nígbà tí ó di òru, òtútù mú mi, ara mi gbóná, ẹnu mi rí bí ẹni tí ó há kọ́bọ̀ sẹ́nu, gbogbo egungun sì ń ro mí. Ìyàwó mi ní ibà ni, ó wá oògùn ibà fún mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ara mi ti le koko, ìgbà náà ni mo sì fura, nítorí ibà kì í tètè lọ bẹ́ẹ̀. Síǹkì ni. Ní ìwọ̀n 907 ni ó ti ń hó tí ó sì ń di èéfín, ẹni tí ó bá fà á símú a máa ṣàìsàn lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, àìsàn náà a sì lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Mo tú páìpù náà dànù, mo fi páìpù dúdú rọ́pò rẹ̀, n kò sì jẹ́ kí irin tí ó ní síǹkì lára sún mọ́ iná mi mọ́, ìbáà ṣe ìṣó páànù kan ṣoṣo.

Amọ̀ ni mo fi tẹ́ inú ríìmù, kí iná má baà jẹ ẹ́, kí ooru sì gbá jọ sí àárín. Mo po abọ́ amọ̀ méjì mọ́ abọ́ iyanrìn kan àti ìdajì abọ́ eérú, mo sì mọ ọ́n bí inú àwo ọbẹ̀ tí ó jìn, tí ó fẹ̀ lókè tí ó sì ń ṣe tóóró lọ sí ojú ihò. Ọjọ́ méjì péré ni mo fi sílẹ̀ kí n tó dáná sí i. Ó sán láti ẹnu dé ìdí, ègé kan tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ sì bẹ́ jáde. Nígbà tí mo tún un mọ, mo fi àpò tútù bò ó ní ibòji fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta dá iná igi wẹ́wẹ́ sí i kí n tó da èédú sí i.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni ó gbà mí lákòókò jù. Èédú tí ó ń jó fúnra rẹ̀ nínú àdògán lè sun àgbàdo, kò lè mú irin rọ̀. Afẹ́fẹ́ ni àgbẹ̀dẹ gan-an. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun ni mo kọ́kọ́ so mọ́ páìpù. Ó ṣiṣẹ́, ó tilẹ̀ ṣiṣẹ́ jù, tí ó fi ń fẹ́ èédú wẹ́wẹ́ jáde kúrò nínú ààrò. Ṣùgbọ́n irin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni NEPA mú iná lọ, kí n tó tan jẹnẹrétọ̀ tán, ó ti dúdú padà. Nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo wọkọ̀ lọ sí Òdè Rẹ́mọ, mo lọ bá bàbá kan tí wọ́n ṣì ń rọ ọkọ́ àti àdá.

Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó ti ẹwìrì. Ẹwìrì náà jẹ́ ọpọ́n igi méjì tí a gbẹ́ papọ̀, tí a fi awọ ewúrẹ́ bo ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí awọ náà sì dẹ̀ bí àpò tí kò kún, igi gígùn kan sì so mọ́ àárín awọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń fínná a gbé ti ọ̀tún sókè, a tẹ ti òsì sílẹ̀, a sì tún yí i padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé nígbà tí ọ̀kan ń mí sínú, èkejì ń mí síta, atẹ́gùn kì í sì í dá. Mo padà sílé, mo ní kí káfíńtà gbẹ́ ọpọ́n méjì fún mi, mo sì ra awọ lọ́wọ́ alápatà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe yàtọ̀ sí ti Bàbá ni ẹnu rẹ̀. Ní ti wọn, ẹnu ẹwìrì kò wọ inú ihò amọ̀ tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú iná. Àlàfo tí ó tó ìka mẹ́ta wà láàárín wọn. Lójú tíṣà físíìsì, atẹ́gùn ń ṣòfò níbẹ̀. Mo fi amọ̀ dí tèmi pa, inú mi sì dùn pé mo ti tún iṣẹ́ àwọn baba wa ṣe.

N kò tíì tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mẹ́wàá tí òórùn awọ tí ń jóná fi gba gbogbo ilé. Ihò kan náà ni ẹwìrì ń gbà mí síta, òun náà ni ó ń gbà mí sínú. Nígbà tí mo dí àlàfo, kò rí afẹ́fẹ́ tútù fà mọ́, iná inú ààrò ni ó ń fà padà sínú ara rẹ̀. Nígbà tí mo gbé awọ tí ó ti lu náà lọ fi han Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Tíṣà, bí o bá lẹ ẹnu èèyàn mọ́ ojú ààrò, kí ni yóò fà símú?” Mo ra awọ mìíràn. Mo jó irin kan tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò bí àrọ mọ́ orí páìpù, mo sì gbé ẹnu ẹwìrì kọjú sí i, pẹ̀lú àlàfo ìka mẹ́ta láàárín wọn. Láti ọjọ́ náà, NEPA kò kàn mí mọ́. Àbúrò ìyàwó mi ni ó ń bá mi fínná ní ọjọ́ Sátidé.

Ní ti owú, irin ńlá tí a ń gbé irin lé lù, àwọn kan ní kí n wá irin rélùwéè. Mo kọ̀, nítorí pé irú èyí tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú irin ni wọ́n sábà ti ń jí i tú, n kò sì fẹ́ di ẹni tí ọlọ́pàá ń bi léèrè lọ́jọ́ ogbó. Orí ásù ọkọ̀ akẹ́rù ni mo rà, mo sì rì í mọ́ ìtì igi tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ojú owú fi dé ibi tí ìkúùkù mi máa ń dé bí mo bá na ọwọ́ sílẹ̀.

Ìkọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí mo rọ. Mo mú rọ́ọ̀dù ìkọ́lé oní-12 mílímítà tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, nítorí irin tí ó bá gùn tó bẹ́ẹ̀ ṣeé fi ọwọ́ dì mú ní ìdí láìlo ẹ̀mú. Mo fọ́ èédú sí ìwọ̀n ẹyin adìẹ, mo fi èèpo èkùrọ́ díẹ̀ kún un bí Bàbá ti ń ṣe, mo sì pa gílóòbù kí ojú mi lè rí àwọ̀ irin dáadáa. Bí ó bá pupa ṣíṣú bí ẹ̀jẹ̀, kò tíì tó. Ìgbà tí ó bá mọ́lẹ̀ bí ọsàn tí ó pọ́n ni ó tó gba òòlù bí amọ̀. Mo fi àkọ́kọ́ sílẹ̀ pẹ́ jù, ó di funfun, ó ń ta pàrà-pàrà, orí rẹ̀ sì já sínú iná. Irin tí ó bá ti jóná bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo lu orí rẹ̀ sí igun mẹ́rin, mo sọ ọ́ di onígun mẹ́jọ, kí n tó wá yí i róbótó, nítorí bí a bá fẹ́ kí ó róbótó láti ìbẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ a máa là. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo dá a padà sínú iná kí n tó fi etí owú ká a.

Mo gbé e lọ fún Bàbá ní Òdè Rẹ́mọ, mo wé e sínú ìwé ìròyìn bí ẹni gbé ẹ̀bùn lọ. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n tì í bọ inú iná, wọ́n fi ẹ̀mú yọ ọ́, wọ́n sì fi òòlù nà án tọ́ gbọnrangandan níwájú mi. Wọ́n wá nawọ́ ẹ̀mú náà sí mi, wọ́n ní, “Tún un ká.” Ìgbóná kan ni mo fi ká a ní ọjọ́ náà. Ó wà lára ògiri ilé ọkọ̀ báyìí, ibẹ̀ ni mo ń fi ẹ̀mú mi kọ́ sí.